Ìlà Tí Ìyá Àgbà Ní Kí Wọ́n Tún Kà

Tí ẹ bá gbé oúnjẹ síwájú Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí ẹ sì sọ pé ẹran mẹ́ta ló wà nínú abọ́, wọ́n á wo abọ́, wọ́n á wo ojú yín, wọ́n á wá ní, "Tún un kà." Ẹyin tí wọ́n rán mi lọ rà, "Tún un kà." Àwọn ọmọ tó wọ ọkọ̀ lọ sí ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, "Tún un kà, kí ẹnì kan má kù sẹ́yìn." Lọ́jọ́ kan tí ìmáámù kírun tán, mo rí i tí ẹnu Ìyá Àgbà ń mì. Mo yára di ọwọ́ wọn mú, kí wọ́n má lọ ní kí ìmáámù tún rákáà kà.

Ogójì ọjọ́ wọn pé lánàá. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti tẹ ìwé kékeré kan nípa ìgbésí ayé wọn. Wọ́n kọ ìlú tí wọ́n ti bí wọn, wọ́n kọ ọdún tí wọ́n lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ka orúkọ gbogbo àwa ọmọ ọmọ. Ìwé náà dára, bébà rẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nínú rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní oníwà tútù ni. Ha! Oníwà tútù kẹ̀? Ìyá Àgbà tèmi yìí? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹni tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ka ìlà rẹ̀ nígbà kan ní pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa, tí kò sì gbà títí ó fi jáde láyé pé wọ́n kà á re.

Gàárì ni iṣẹ́ wọn. Ìparí Ìjẹ̀bú-Òde la wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìbẹ̀fun, ilé wa sì wà nísàlẹ̀ níbi tí odò kékeré kan ti gba àdúgbò kọjá. Ẹ̀yìn ilé yẹn ni Ìyá Àgbà ti ń yan gàárì. Òdìkejì odò ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá, àwọn ọlọ́kadà á dì í lápòlápò, wọ́n á gba orí afárá kọjá. Àwọn tó ń kánjú a máa yan tiwọn ní ọjọ́ kejì tí wọ́n bá rin ẹ̀gẹ́. Ìyá Àgbà? Láéláé! Ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀gẹ́ rírin náà ṣì wà nínú àpò lábẹ́ òkúta, omi rẹ̀ ń ro, gbogbo ẹ̀yìn ilé ń rùn. Mo máa ń sọ pé, "Ìyá Àgbà, ó ti tó o." Wọ́n á bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á ní, "Jẹ́ kó kan sí i."

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń dá gbogbo ayé lóhùn. Ọkùnrin kan wá tọrọ mi, ó ń kánjú, wọ́n ní ká jẹ́ kó kan sí i. (Ó kan, kò dára mọ́, a dá a nù. Ìyá Àgbà ló jàre.) Tí ẹnikẹ́ni bá bínú wọlé, tó fẹ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á tì í sórí àpótí, wọ́n á fún un ní gàárì àti omi tútù, wọn ò ní sọ ohunkóhun títí abọ́ á fi gbẹ.

Nǹkan mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ orúnkún wọn. Orúnkún náà ti ń dùn wọ́n kí wọ́n tó bí mi. Síbẹ̀, kò sí ọmọ ilé wa tó ti wà láyé kí wọ́n tó gbé Ìyá Àgbà wọlé bí ìyàwó tí wọn ò ní kúnlẹ̀ kí. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ fún ìyàwó, kódà kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà tó dé. Ìyàwó kì í sì í pe orúkọ wọn, inagijẹ ló ń fún wọn. Àbúrò bàbá àgbà mi kan wà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí Ìyá Àgbà dé, tó máa ń gbé síléètì kiri bí ẹni tí ìjọba ti gbà síṣẹ́. Ìyá Àgbà sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Bàbá Akọ̀wé la wá ń pè wọ́n títí dòní.

Bàbá Akọ̀wé dàgbà, wọ́n di akọ̀wé lóòótọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òdogbolú títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ìyá Àgbà ló fọ ìdí wọn, Ìyá Àgbà ló fun ikun imú wọn. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ tí wọ́n bá pàdé, Ìyá Àgbà ló ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí ìkúnlẹ̀ náà o! "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ẹ wo bí ẹ ṣe wọ fìlà bí ẹni tó jí i." Tàbí, "Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Mo gbọ́ pé ẹ tún parọ́ lánàá." Mo bi wọ́n nígbà kan pé irú ìkíni wo nìyí, ẹni tó kúnlẹ̀ tó tún ń bú èèyàn. Wọ́n ní, "Orúnkún mi ló ń kí i. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Orúnkún yìí gan-an ló wá ba ìdìbò jẹ́.

Alága àdúgbò wa tẹ́lẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó, a sì ní láti yan alága mìíràn. A kì í fi ìwé dìbò ní tiwa. Ẹni tó ń du ipò á jókòó sórí àga, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, ìlà tó bá gùn jù ló wọlé. Onílé ń tò, ayálégbé ń tò. Lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ afárá ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Òjò ti gbé ìdajì rẹ̀ lọ, pákó méjì la gbé lé ibi tó já. Tí òjò ọdún mìíràn bá bá a bẹ́ẹ̀, ìyókù á lọ, àwọn ọmọ ò ní rí ọ̀nà gbà lọ sílé ìwé, ẹ̀gẹ́ ò ní wọlé, omi á sì ya bo àwa tí a wà nísàlẹ̀. Nítorí náà la ṣe fẹ́ alága kíákíá.

Èèyàn mẹ́ta ló jáde. Bàbá Akọ̀wé jáde, àwọn ọmọ onílẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Ẹnjiníà jáde, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kan tó kọ́lé alájà méjì sí òkè, tí gbogbo ayálégbé fẹ́ràn nítorí pé ó máa ń tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè wá fi fóònù gbaná. Ìyá Àgbà náà sì jáde. Ìdílé pariwo. Wọ́n ní ṣé ìyàwó ilé á máa bá ọkọ rẹ̀ du ipò ni? Ìyá Àgbà ní, "Ẹ̀yin ń fi ẹnu rìn lórí afárá yẹn. Èmi ń fi ẹsẹ̀ rìn ín." Àwọn obìnrin àdúgbò gbọ́, inú wọn dùn, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí àwọn máa tò sí lẹ́yìn.

Ẹ gbà mí gbọ́, ìlà Ìyá Àgbà dára lọ́jọ́ yẹn. Mo wà níbẹ̀, mo wà nínú rẹ̀. Ó ti gba ìdí àgbá omi kọjá, ó ti dé ìdí igi máńgòrò, àwọn èèyàn ṣì ń bọ̀. Ìyá Sìkírù, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà láti ìgbà èwe, ló wà níwájú pátápátá, ó ń pín omi fún àwọn tó tò. Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé òun ni a máa ń ní kó ka ìlà, ti mú agboòrùn rẹ̀ jáde. Orí agboòrùn ló fi ń kan èjìká kálukú bó bá ń kà. Ẹnì kan ṣoṣo tí a ń retí ni Bàbá Akọ̀wé, tí ìlà wọn ti tò sẹ́yìn àga òfìfo.

Bàbá Akọ̀wé dé. Agbádá funfun, bàtà dúdú, wọ́n ń ju ọwọ́ sí ọ̀tún, wọ́n ń jù ú sí òsì. Iwájú Ìyá Àgbà ni wọ́n ní láti gbà kí wọ́n tó dé ibi àga wọn. Kí ni Ìyá Àgbà ṣe? Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé wa ni. Wọ́n dìde lórí àga ìdìbò, wọ́n kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pápá, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi."

Ìyá Sìkírù rí i. Ó yí sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó ní, "Ó ti parí. Ìyá ti yọ̀ǹda fún ọkọ wọn." Ló bá gbé báàgì rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Akọ̀wé. Ẹni kejì tẹ̀lé e, ẹni kẹta tẹ̀lé e. Èmi ń pariwo pé kí wọ́n dúró, ta ló ń gbọ́? Ìyá Àgbà fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Ọwọ́ kan wà nílẹ̀, ọwọ́ kejì wà lórí àga, wọ́n ń gbìyànjú. Kí èmi àti ìyá mi tó fà wọ́n dìde, ìlà wọn ti kúrò ní ìdí máńgòrò, ó ti padà sí ìdí àgbá omi. Tíṣà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Òfin wa ni pé bí agboòrùn bá ti kan ẹni àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ipò padà mọ́.

Ìyá Àgbà dúró níwájú ìlà wọn tó ti kúrú, iyanrìn wà lórúnkún ìró wọn. Wọ́n kígbe pé, "Mo kí ọkọ mi ni! N ò yọ̀ǹda nǹkan kan! Ẹ tún un kà!" Tíṣà ní òfin ni òfin. Ìlà Akọ̀wé ló gùn jù, Akọ̀wé ló wọlé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ò ròkè. Gbogbo wa la lójú. A rí i pé tí a bá so ìlà Ẹnjiníà mọ́ ti Ìyá Àgbà, ó gùn ju ti alága tuntun lọ dáadáa.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ládùúgbò. Ẹni tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ní, "Alága wo nìyí, tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ? Ta ló fẹ́ máa pàṣẹ fún?" Bàbá kan tó jókòó, tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀, ní, "Ṣé ìwọ ni kò tò ni? Ìlà tó gùn jù ló gùn jù, kí gbogbo wa lọ jókòó." Àwọn ayálégbé ní kí wọ́n pín ipò náà sí mẹ́ta, kí kálukú ṣe oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn kan ní àwọn ò ní san owó ìmọ́tótó fún ẹni tí àwọn ò yàn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀, alága tó mọ̀ pé òun ò ní èèyàn púpọ̀ ò ní lè ga sí wa.

Nílé wa ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Bàbá mi, ọmọ tí Ìyá Àgbà fi inú ara wọn bí, ti lọ tò sẹ́yìn Bàbá Akọ̀wé. Ó ní àbúrò bàbá òun ni, kò sí bí òun ṣe lè kẹ́yìn sí i. Ìyá Àgbà ò bá a jà. Wọ́n kàn bu oúnjẹ fún gbogbo wa lálẹ́, wọ́n fo abọ́ tirẹ̀. Nígbà tí bàbá mi bèèrè, wọ́n ní, "Ibi tó o tò sí ni kó o ti lọ jẹun." Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi jẹ búrẹ́dì.

Ti Ìyá Sìkírù ló pẹ́ jù. Ó wá bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ṣèèṣì ni, ó ní ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀ tó bá rí olùdíje tó kúnlẹ̀ fún olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìyá Àgbà ní àwọn ti gbọ́. Àmọ́ nígbàkigbà tó bá wá ra gàárì, wọ́n á ní kó tò. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ o! Ìyá Sìkírù á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Ẹ̀yìn ta ni kí n tò sí?" Ìyá Àgbà á ní, "Tò sẹ́yìn afẹ́fẹ́. Ṣebí o mọ̀ ọ́n tò." Ìyá Sìkírù á sì tò, á dúró nínú oòrùn, èmi á sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é títí di ìgbà tí àìsàn gbé e dè, tó ń lọ bí oṣù kan tí kò jáde. Ìyá Àgbà gbé gàárì àti ẹja díndín, wọ́n rìn lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn, wọ́n bọ́ ọ bí ọmọ. Wọ́n ní, "N ò tíì dárí jì ẹ́ o. Ya ẹnu."

Nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò, bí ìlà ṣe gùn sí la ṣe pín àga: Bàbá Akọ̀wé mú mẹ́rin, Ẹnjiníà mú mẹ́ta, Ìyá Àgbà mú méjì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Bàbá Akọ̀wé ò lè dá nǹkan kan ṣe, Ẹnjiníà ò lè dá nǹkan kan ṣe. Gbogbo wọn ń wo ẹnu obìnrin tí ìlà rẹ̀ kúrú jù. Bí àwọn tọ̀hún ṣe ń wá kí wọn láàárọ̀ ni àwọn tibí ń wá kí wọn nírọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà ń jayé orí wọn. Bàbá Akọ̀wé dábàá pé ká ra àga tuntun fún ọ́fíìsì, ká sì ya pátákó tí orúkọ alága wà lórí rẹ̀. Ìyá Àgbà ní rárá. Ẹnjiníà dábàá pé ká kọ́kọ́ ṣe géètì sí òkè lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ìyá Àgbà ní rárá. Bàbá Akọ̀wé ní ká kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní katakata tó máa gbẹ́ odò, kí a lè ri páìpù ńlá sábẹ́ afárá. Ìyá Àgbà na ọwọ́ sókè kí Bàbá Akọ̀wé tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ wọn ò wá yé Bàbá Akọ̀wé mọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé tèmi lò ń ṣe ni àbí tiwọn?" Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní, "Ti afárá ni mò ń ṣe, ọkọ mi."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, katakata ò tíì dé, àwọn èèyàn ti ń kùn. Ẹnjiníà kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ó ní kí a yọ alága. Ó wá bá Ìyá Àgbà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ gàárì, èmi ń koná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó ní, "Màmá, tiyín ni mo wá ṣe. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Ẹ bá wa yọ ọ́, ká tún ìlà tò. A ó tún un kà."

Asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. N kò rí ojú wọn kó tàn bẹ́ẹ̀ rí, àní lọ́jọ́ tí wọ́n ti Mẹ́kà dé pàápàá. Wọ́n ní, "Nígbà wo?" Ẹnjiníà ní lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní, "Ìwé katakata tí Akọ̀wé fọwọ́ sí ńkọ́?" Ẹnjiníà họ orí, ó ní alága tuntun ni yóò tún ìwé mìíràn kọ. Ìyá Àgbà mú asẹ́ wọn nílẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀. "Jẹ́ kó kan sí i," ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ jù lọ láyé ni ọkùnrin yìí gbé síwájú wọn yẹn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i kí gàárì wọn jóná nínú àgbada.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, gbogbo àdúgbò pé sí pápá. Tíṣà ní kí àwọn tó fẹ́ kí alága kúrò bọ́ sí òsì, kí àwọn tó fẹ́ kó dúró bọ́ sí ọ̀tún. Ìyá Àgbà dìde. Wọ́n ní, "Kì í ṣe níbí. Létí odò ni a ó ti tò ó." Àwọn èèyàn kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a dé ibẹ̀, Ìyá Àgbà ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Akọ̀wé dúró, dúró síbi tí a wà, kí ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sọdá sí òdìkejì. Pákó méjì yẹn ni wọ́n máa gbà o.

Ṣé ẹ mọ̀ bí àwọn tó ń pariwo ṣe ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Wọ́n ń wo pákó, wọ́n ń wo omi ẹlẹ́rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún Ẹnjiníà ní tirẹ̀, òun ló kọ́kọ́ sọdá, bàtà rẹ̀ kan sì kù sínú ẹrẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ayálégbé tẹ̀lé e. Àwọn tó kù ń wo Ìyá Àgbà, nítorí ibi tí Ìyá Àgbà bá yà sí ni ọ̀rọ̀ máa já sí. Bàbá Akọ̀wé ń fi etí agbádá nu ojú. Ìyá Àgbà ká ìró wọn sókè, wọ́n gun orí pákó.

Pákó náà ń mì, orúnkún wọn náà ń mì. Mo fẹ́ sáré, ìyá mi dì mí mú. Bàbá Akọ̀wé na ọwọ́ sí wọn, Ìyá Àgbà ní, "Ẹ pa ọwọ́ yín mọ́, ọkọ mi, ẹ fi fọwọ́ síwèé." Wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. Wọ́n yí orí sẹ́yìn, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọjọ́ wo ni katakata ń bọ̀?"

Bàbá Akọ̀wé ní, "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí. Mo ti gba èsì, Ọlọ́run gbọ́."

Wọ́n yí sí òdìkejì. "Ẹnjiníà, tí ìwọ bá di alága, ọjọ́ wo?"

Ẹnjiníà wolẹ̀. Ọkùnrin náà ì bá parọ́, kò parọ́. Ó ní, "Màmá, n kò mọ̀."

Ìyá Àgbà ní, "O ṣeun." Wọ́n sì padà. Ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ kan, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n rìn lọ sẹ́yìn Bàbá Akọ̀wé, wọ́n dúró síbẹ̀ lórí ìdúró, wọn ò kúnlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lódìkejì lè gbọ́: "Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ títí a ó fi rìn kọjá lórí afárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá tún ìlà mi kà."

Katakata dé lọ́jọ́ Ajé. A ri páìpù, a da kọnkéré, òjò bẹ̀rẹ̀ kí ó tó gbẹ tán, a fi tapólì bò ó. Omi ò wọlé wa lọ́dún yẹn, kò sì tíì wọ̀ ọ́ títí dòní. Ẹnjiníà ló bójú tó kọnkéré náà fúnra rẹ̀, Bàbá Akọ̀wé sì fi í ṣe igbákejì.

Ṣùgbọ́n ìlà Ìyá Àgbà, ta ló rántí? Afárá ti dúró, inú gbogbo èèyàn ti dùn. Nígbà tí sáà Bàbá Akọ̀wé pé, ẹnikẹ́ni ò bá wọn du ipò mọ́, kò sí ìlà tí a tò. Àìsàn sì ti mú Ìyá Àgbà jókòó sílé. Wọ́n á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á gbọ́ tí ọ̀kadà ń gba orí afárá kọjá, wọ́n á wò mí. "Kúdí, wọn ò tún un kà." Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo máa ń ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin náà lẹ kúnlẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó wá ń dùn mí báyìí pé mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n fẹ́ ẹ gan-an ni, wọ́n sì ti fi sílẹ̀ nítorí wa.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n jáde láyé, ní ìdájí. Ọjọ́ náà la sin wọ́n, lẹ́yìn ìrun Ásárì. Mọ́ṣáláṣí ò gba èrò, ni ìmáámù bá ní ká gbé wọn lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n gbé òkú wọn síwájú, níbi tí wọ́n gbé àga wọn sí lọ́jọ́ ìdìbò yẹn gẹ́lẹ́, àwọn èèyàn sì tò sẹ́yìn. Wọ́n tò, wọ́n tò. Ó gba ìdí àgbá omi kọjá, ó gba ìdí máńgòrò kọjá, ó jáde sí títì, ó kù díẹ̀ kó dé orí afárá. Ìdúró ni wọ́n fi ń kírun sí òkú lára, kò sí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, torí náà ẹnikẹ́ni ò ṣi nǹkan kan rò. Èmi àti Ìyá Sìkírù wà lọ́dọ̀ àwọn obìnrin lẹ́yìn. Ìyá Sìkírù di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún, ó ní, "Kúdí, n ò kúrò lónìí o. Bá mi sọ fún wọn pé n ò kúrò."

Ìmáámù sálámà. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ gbé òkú, Bàbá Akọ̀wé ní kí wọ́n dúró ná. Wọ́n pe Tíṣà, tó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, tó ń fi agboòrùn rẹ̀ tilẹ̀. Bàbá Akọ̀wé ní, "Tíṣà, ìlà wọn rèé. Tún un kà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà wo ìlà náà títí dé òpin, ó gbé agboòrùn sókè. Bàbá Akọ̀wé tún fìlà wọn ṣe, wọ́n dúró gbọnyin lẹ́yìn Ìyá Àgbà. Tíṣà fi orí agboòrùn kan èjìká wọn, ó ní, "Ọ̀kan."